Ẹ̀gbẹ́ Òsì Àwòrán

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Alápẹ̀rẹ̀ la ti máa ń jà. Ìjà ẹnu ni, ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ló sì máa ń bọ́ sí, lẹ́yìn tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì ti jẹun tán. Àwa mẹ́ta la máa ń jà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé kámẹ́rà ló fi ń jẹun, máa ń jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn báíkónì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń gé fíìmù tó sì ń so ó pọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ́dítọ̀, á nà gbalaja sórí àga gígùn bí ẹni pé òun ló rà á. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí tẹlifíṣàn ni èmi máa ń jókòó sí. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Ìkòsí, ọwọ́ mi sì ni rìmóòtù máa ń wà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń jà lé lórí: fíìmù wo ni àwòrán rẹ̀ dára jù nínú gbogbo èyí tí a ti wò rí? Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣòfin ìjà náà. A ò gbọdọ̀ sọ ìtàn. A ò gbọdọ̀ sọ ẹni tó ṣeré dáadáa tàbí ẹni tó mọ ẹkún sun. Orin kò sí níbẹ̀. Àwòrán nìkan: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ibi tí wọ́n gbé kámẹ́rà sí, ohun tí wọ́n jẹ́ kí ojú rí àti ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì sọ pé fíìmù kan dùn, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọbẹ̀ ló ń dùn. Mo ní ṣé ó dára ní wíwò?"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Gbàgádà, kì í bá wa dá sí i. Ó ní òun ò mọ ìdí tí àgbàlagbà mẹ́ta á fi máa pariwo lé ara wọn lórí nítorí òòrùn tó ràn sára ògiri.

Àwọn fíìmù àtijọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn, èyí tí àwọn òṣèré orí ìtàgé gbé wọ inú igbó lọ yà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í jẹ́ ká gbádùn. Obìnrin kan ń fọ aṣọ létí odò, òòrùn ìyálẹ̀ta ń gba àárín ewé wọlé, kámẹ́rà dúró sójú kan títí obìnrin náà fi fún aṣọ náà tán, tó sá a sórí òkúta, tó sì bá tirẹ̀ lọ. "Kò yẹsẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, á sì na ìka sókè. "Obìnrin yẹn ti lọ tán, kámẹ́rà ṣì ń wo aṣọ. Òde òní, wọn ì bá ti fò káàkiri bí eṣinṣin."

Ní tèmi, àwọn fíìmù tuntun ni mo máa ń gbè lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń ya Èkó, iná ọkọ̀ tó ń dán nínú omi òjò lójú títì, ojú èèyàn tí ìdajì rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Mo fẹ́ràn ọ̀kan tó jẹ́ pé inú ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ara ògiri ń yí àwọ̀ padà bí inú tọkọtaya tó ń gbé ibẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ sí ara wọn.

"Ìtàn lò ń sọ yẹn, Tíṣà," ẹ̀gbọ́n mi á ní.

"Rárá o, Bọ̀dá mi. Ògiri ni mò ń sọ."

"Ta ló ní kí ògiri yí àwọ̀ padà? Kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe kámẹ́rà."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa ń fi aṣọ funfun gba ìmọ́lẹ̀ sójú òṣèré. Ta ló ní kí aṣọ funfun wà nínú igbó?"

Ẹ́dítọ̀ á wá bú sẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ni pé kò sí àwòrán tó dára fúnra rẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e ló ń sọ ọ́ di nǹkan. Àwa méjèèjì á sì dojú kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń pọ́n. Ibẹ̀ nìkan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń fohùn ṣọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹkáníìkì tó wá láti apá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, yàrá kan ní Kétu la ti dàgbà, kò sì sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Wáyà ló kọ́kọ́ ń fà lẹ́yìn àwọn tó ń ya ìsìnkú àti ìgbéyàwó, kó tó di pé àwọn tó ń ṣe fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ọ̀kan wà tó yà ní Àgbóyì, lórí omi. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn nínú kùrukùru òwúrọ̀, o ò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ni, wàá rò pé ìdọ̀tí kan ló wà lójú tẹlifíṣàn, àfi ìgbà tí o bá rí ọwọ́ tó ń wà á. Mo máa ń sọ fún un pé ó yẹ kí èyí náà wà lára àwọn tí à ń jà lé lórí. Kì í gbà. Ó ní òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú iṣẹ́ ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ kí n sọ ọ́, mo mọ̀, nítorí pé tí mo bá ti sọ ọ́ tán, kì í tètè sọ̀rọ̀ míràn.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan nígbà òjò, mo gbé fíìmù tuntun kan dání lọ. Mo ti wò ó nílé, mo sì ti pinnu pé òun ni màá fi borí lọ́jọ́ náà. Mo yí i síwájú dé ibi tí mo fẹ́ràn. Pálọ̀ ńlá kan ni. Ọkùnrin kan jókòó lápá ọ̀tún, ó ń ka ìwé ìròyìn. Lápá òsì pátápátá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé, ìyá arúgbó kan jókòó tó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn. Mo dá àwòrán náà dúró síbẹ̀.

"Ẹ wo èyí," mo ní. "Ẹ sọ pé kò dára."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó wò ó. "Kò dára," ó ní. "Wo apá òsì. Òfìfo ni. Odindi ìdajì àwòrán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló kọ́ wọn níṣẹ́? Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé ọkùnrin yẹn sáàárín, tàbí kó fi nǹkan sódìkejì tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ìgò omi. Fìtílà. Ohunkóhun."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo wo Ẹ́dítọ̀, òun kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, dúró.

"Daddy," ó ní, "ìyá tó jókòó síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá arúgbó tó wé gèlè yẹn. Òun nìyẹn níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí sí òsì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yí rédíò kiri títí á fi mú. Mo rí ìgbà tó rí i. Ọrùn rẹ̀ dúró gan-an. Ó wo ìyá arúgbó náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní tẹlifíṣàn yìí ti gbó, òkùnkùn rẹ̀ ti pọ̀ jù.

"Ó dára," ó ní. "Ìyá yẹn dára síbẹ̀. Mo gbà fún ẹ lónìí, Tíṣà."

Kò tíì gbà fún mi rí láyé. Ó pẹ́ tí mo ti ń jà kó lè gbà, nígbà tó wá gbà, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Mo pa fíìmù náà láìwò ó parí.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ẹ́dítọ̀ ní òun á sìn mí dé ibi tí màá ti wọ kẹ̀kẹ́ Marwa. Òjò ti dá, omi sì dúró sójú ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà là ń tọ̀.

"Ó ti pẹ́," ó ní. "Mo rò pé o mọ̀ ni."

"Kí ló ti pẹ́?"

Ó wá sọ fún mi. Níbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Ẹ̀pẹ́, irin tí wọ́n gbé iná lé wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lápá òsì, ẹ̀gbọ́n mi kò rí i. Níbòmíràn, ó ń gé èjìká òṣèré kan kúrò léraléra, bí ẹni pé èjìká kan ṣoṣo ni wọ́n bí i mọ́. Òun, Ẹ́dítọ̀, ló máa ń fẹ àwòrán náà sí i nígbà tó bá ń gé e, tó ń ti ohun tí kò yẹ síta, kí dáríkítọ̀ má baà rí i.

"Ṣùgbọ́n àwòrán téèyàn bá fẹ̀ jù, ṣe ló máa ń ṣá," ó ní. "Agbára mi ò ká a mọ́. Wọ́n ti ń pe ẹlòmíràn."

"Ẹ ti bá a sọ ọ́?"

"Báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó bá a sọ, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn náà, èmi, òun àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Wọ́n bo ojú ẹ̀gbọ́n mi kan, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tó bá rí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó bá tàn. Mò ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún díẹ̀díẹ̀, mo sì ń retí kó tẹ̀ ẹ́. Ìgbà míràn á tẹ̀ ẹ́. Ìgbà míràn ẹ̀rọ náà á máa dún, á máa dún, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mira.

Dókítà náà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, tẹ́ ìwé tí ẹ̀rọ náà gbé jáde síwájú wa. Ibi tó ti ń ríran wà ní funfun, ibi tí kò ti ríran mọ́ wà ní dúdú. Dúdú ti gba gbogbo òsì, ó ti gba òkè, ó sì ti ń yí bọ̀ wá sí ọ̀tún. Àárín ló kù, bí ìgbà téèyàn ń yọjú wo nǹkan láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ṣàlàyé pé omi inú ojú ló ti pọ̀ jù, ó ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Gulọkóómà ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í dunni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi mọ̀ títí á fi jẹ wọ́n lọ.

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?" ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Èyí tó ti lọ ti lọ, Mà. Èyí tó kù la máa gbìyànjú láti dì mú."

Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí ìwé náà. Ó wá ní, "Àárín yìí, ṣé á dúró?"

Dókítà wo tábìlì rẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí, Sà."

Nígbà tí à ń bọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní Kétu, a gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ sọdá. Ẹ̀gbọ́n mi di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Àwọn èèyàn ń ti ẹ̀yìn kọjá lára wa, obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti Mile 12 fara gbún un léjìká òsì, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi dúró. Ó dúró síbẹ̀ láàárín afárá, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Òkè ibí ni kí wọ́n ti máa ya Kétu. Gbogbo wọn ló máa ń gbé kámẹ́rà sísàlẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, a sì sọ̀ kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ń kán oògùn sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe láti jẹ́ kó ríran sí i, láti dá a dúró síbi tó dé ni. Kò dúró. Ẹnì kan fún ìyàwó rẹ̀ ní oyin pé kó máa kán an sí i lójú. Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Àwọn ẹbí wa tó jẹ́ mùsùlùmí ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí ránṣẹ́. Àfi oyin nìkan tí dókítà ní kó má dán wò, gbogbo rẹ̀ ló gbà láìjanpata. Ẹni tó lè jiyàn láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí ògiri kò jiyàn kankan lórí ojú ara rẹ̀, èyí gan-an ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Dáríkítọ̀ kan tó bọ̀wọ̀ fún un pè é síṣẹ́ ní Mágódò, lẹ́yìn Ṣàngíṣà. Ọ̀gá àwòrán ni wọ́n ní kó jẹ́: ẹlòmíràn á di kámẹ́rà mú, òun á máa sọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. "Dúró lápá òsì mi," ó ní. "Tí ohunkóhun bá wà níbẹ̀, sọ fún mi."

Ọmọbìnrin kan ló ń di kámẹ́rà mú. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní òun ti wo fíìmù Àgbóyì yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí òun lè yà á láti orí. Obìnrin kan ni wọ́n fẹ́ yà tó ń gba ìròyìn burúkú lórí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni fèrèsé wà, báwo ni kọ́tìnì rẹ̀ ṣe nípọn tó, níbo ni òòrùn dé. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ronú. Ó ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà sún mọ́ ògiri, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí obìnrin náà lè dúdú níwájú ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wo dáríkítọ̀, dáríkítọ̀ wo ilẹ̀. "Ó dáa, Sà," ọmọbìnrin náà ní. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yíjú láti mu omi, òun àti ẹnì kan rọra gbé kámẹ́rà náà tẹsẹ̀tẹsẹ̀, wọ́n gbé e lọ sódìkejì. Wọ́n rọra ṣe é gan-an. Wọn ò fẹ́ kó gbọ́.

Ó gbé ìgò omi sílẹ̀. "Wọ́n ti gbé e, àbí?"

"Wọ́n gbé e, Bọ̀dá mi."

"Síbo?"

"Sápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn."

"Ṣé ó dára níbẹ̀?"

Mo wo tẹlifíṣàn kékeré tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa. Kọ́tìnì náà gba ìmọ́lẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó wá rọra dà á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n gbé e sí, ojú rẹ̀ kò hàn rárá.

"Ó dára," mo ní.

"Ṣé ó dára ju tèmi lọ?"

Nínú gbogbo ìjà wa, a kì í purọ́ fún ara wa lórí èyí. "Ó dára jù ú lọ."

Ó mi orí. Kò dìde. Ó jókòó títí wọ́n fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé tó bá tètè lọ, ojú á ti ọmọbìnrin náà. Nígbà tó wá kí i pé ó dìgbà, ó gbàdúrà fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ á gbé e débi tó ga. Nínú ọkọ̀, ó gbé orí lé fèrèsé. Kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún pè é.

A ṣì ń jà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwọn fíìmù àtijọ́ nìkan ló kù tá a lè jà lé lórí, èyí tó ti wò kí ojú rẹ̀ tó lọ, nítorí náà ilẹ̀ ìjà náà ń kéré sí i. Mo dẹ́kun bíbá àwọn fíìmù tuntun gbè. Mo ń jà fún àwọn tí mi ò fẹ́ràn, kí ó lè rí ẹni bá jà. Ó mọ̀. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn fíìmù náà pọ̀ mọ́ra. Á gbé odò inú ọ̀kan sínú òmíràn. Á ní ẹṣin kan ń kọjá lójú títì nínú fíìmù tí kò ní ẹṣin. Ní Sọ́ńdè kan, bó ṣe ń ròyìn obìnrin tó ń fọ aṣọ yẹn, ó dákẹ́.

"Àwọ̀ wo ni aṣọ yẹn?" ó béèrè.

"Aró ni," mo ní.

"Pupa ni," Ẹ́dítọ̀ ní. "Pupa rẹ̀ ló ń hàn lórí òkúta."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí èmi, ó yíjú sí òun. "Ẹ wá a wò fún mi."

Mo wá a lórí fóònù. Ẹnì kan ti gbé fíìmù náà sórí ẹ̀rọ ayélujára, láti inú kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, èèyàn díẹ̀ ló sì ti wò ó. Nígbà tí mo débi odò náà, gbogbo rẹ̀ ti ṣá. Omi rẹ̀ rí bí eérú, ewé rẹ̀ rí bí eérú, òòrùn tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà kò ní àwọ̀ kankan. Èmi àti Ẹ́dítọ̀ gbé orí pọ̀ sórí fóònù náà.

"Àwọ̀ wo ni?"

"Ó ti ṣá, Bọ̀dá mi. Kò ṣeé mọ̀."

"Èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n mọ́," ó ní. "Mo ti wá a láti àárọ̀. Mo rí obìnrin yẹn, mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mi ò rí àwọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ Ẹ́dítọ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Àbújá. Iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún òun náà mọ́. Ó wá dágbére, ó jókòó, kò nà sórí àga gígùn bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun á máa pè, ó sì pè fún ìgbà díẹ̀. Ìjà kì í wáyé lórí fóònù. "Ṣé ara le?" "Ara le." Ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Ọmọ kan tí mo ti kọ́ níwèé rí wá bá mi ní ilé ìwé. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn fíìmù máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsí, wọ́n sì fẹ́ jiyàn ní gbangba pé fíìmù wo ni àwòrán rẹ̀ dára jù. Wọ́n fẹ́ àgbà kan tó mọṣẹ́ tó máa wà níbẹ̀. Ó ti gbọ́ pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti jáde kúrò nílé gbẹ̀yìn, ó sì lọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà kan fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n fi í jókòó níwájú, wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n jà. Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, ọmọbìnrin kan dìde dúró sórí àga. Ìmọ́lẹ̀, àwọ̀, ibi tí kámẹ́rà wà. Mi ò gbọ́ kí ọ̀kankan nínú wọn dárúkọ fíìmù tí ẹ̀gbọ́n mi ti wò. Wọn ò dárúkọ ti Àgbóyì. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó dojú kọ ibi tí ohùn bá ti wá, tí ohùn náà bá ti yí, ojú rẹ̀ á pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé maikirofóònù fún un, ó dìde.

"Mo kí gbogbo yín," ó ní. "Mi ò rí ọ̀kankan nínú àwọn fíìmù tí ẹ dárúkọ. Mi ò sì ní rí wọn. Ẹ máa bá a lọ."

Wọ́n dúró bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ti jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, bí èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún àgbà. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn padà.

Nínú kẹ̀kẹ́ Marwa, mo bi í léèrè bóyá inú ń bí i.

"Rárá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ." Nígbà tí a kọjá Kétu, ó ní, "Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mò ń gbìyànjú láti fi ojú inú rí i. Wọ́n ní òjò, mò ń wá òjò. Wọ́n ní iná pupa. Kò sí nǹkan kan tó wá, Tíṣà. Mo jókòó síbẹ̀, kò sí nǹkan kan tó wá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tí a dé Alápẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wa, ó bá a bọ́ bàtà, ó fà á dé àárín pálọ̀. Gílóòbù tó wà ní àjà ń tàn gan-an lókè orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó gbé ojú sókè díẹ̀.

"Ṣé iná wà?" ó béèrè.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ wo ara wa. Títí di àná yẹn, ó ṣì máa ń mọ ìgbà tí iná bá wà.

"Iná wà, Daddy," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Ẹ ṣeun," ó ní, ó sì na ọwọ́ wá àga rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọ kíṣìnì lọ. Mò ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà, mi ò gbọ́ ìró abọ́ kankan. Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo dágbére, mo gba Ìkòsí lọ.

Mo ṣì ń lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo máa ń ra ẹ̀pà dání, a sì máa ń jókòó sí báíkónì, níbi tí ariwo ọkọ̀ ti ń dé láti títì. Rédíò ló máa ń gbọ́, bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń sọ. Kì í bi mí léèrè ohun tí mo wò lọ́sẹ̀, èmi náà kì í sì í sọ ọ́.